Ojú àwo DVD: bí ilé fọ́tò wa ṣe kúrò lórí máákà

Yàrá kan péré ni ilé fọ́tò wa ní Bàrígà: kámẹ́rà méjì, kọ̀ǹpútà kan, ọmọ iṣẹ́ méjì. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí àti ìnáwó òkú àgbà ló ń bọ́ wa. Ọdún 2019 ni mo ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé inú àwo DVD la ń kó fọ́tò àti fídíò sí fún gbogbo oníbàárà. Àwọn tó ń béèrè àwo ti dín kù gan-an báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì tán, pàápàá àwọn ìyá ìyàwó.

Ẹnì kan á ní kí ló dé tí a kò fún wọn ní fúláàṣì. A ń fún wọn. Fúláàṣì ọ̀hún kì í pẹ́ tí ọmọ ilé fi máa pa fọ́tò inú rẹ̀ rẹ́, tí á fi orin kún un. DVD-R kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti kọ nǹkan sí i tí a sì tì í pa, kò sẹ́ni tó máa rí i pa rẹ́ mọ́. Ìyá ìyàwó sì fẹ́ ohun tó ṣeé mú dání, tó ṣeé tì bọnú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àlejò bá jókòó.

Ojú àwo ló ń kó ìtìjú bá wa. Máákà dúdú la fi ń kọ ọ́, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ: IGBEYAWO SADE & WALE, PART 1. A ó ná owó sórí álíbọ́ọ̀mù, awọ ni èèpo rẹ̀, orúkọ ọkọ àti ìyàwó á máa dán lára rẹ̀. Ẹ ó wá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, àwo inú àpò á dà bí èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí àwo mẹ́fà tó bá jáde nílé wa jọra wọn, kí orúkọ wọn pé, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìpele 1: Máákà

Máákà fúnra rẹ̀ kì í ba àwo jẹ́ bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwo, tí íǹkì rẹ̀ kò le. Bírò ni kí ẹ yẹra fún. Lára CD ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, torí pé abẹ́ ojú tí à ń kọ orúkọ sí gan-an ni fáìlì wà, ọ̀dà fẹ́lẹ́ kan péré ló bò ó. Ẹ fi ẹnu bírò tẹ̀ ẹ́, ẹ ti dá egbò sí i lára nìyẹn. DVD sàn díẹ̀, àárín ike méjì ni tirẹ̀ wà, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì nípọn tó 0.6 mìlímítà.

Nítorí náà, kì í ṣe pé máákà pa àwo ló jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé ni. Èmi kọ ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ kọ ọ̀kan, àwo kan náà á dà bíi pé ilé méjì ló ti wá.

Ìpele 2: Sítíkà, àti bí ó ṣe parí sínú ọkọ̀

Bébà sítíkà ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré sí. Èyí tí wọ́n ti gé róbótó sílẹ̀ ló dára, méjì máa ń wà lórí bébà A4 kan, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ 117 tàbí 118 mm. Mo rí i rà lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán lọ́jà. Mo bá ra sítíkà A4 lásán, mo fi kọ́ńpáàsì inú àpò ìṣirò ọmọ ilé-ìwé fa róbótó, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Bí ẹ bá dúró lókèèrè, ó dáa. Ẹ sún mọ́ ọn, etí rẹ̀ rí gánnagànna, afẹ́fẹ́ há sábẹ́ rẹ̀ níbi méjì mẹ́ta, ihò bébà àti ihò àwo kò bára mu. Ká ní ẹwà nìkan ni, mo lè gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n yíyí ni àwo ń yí nínú ẹ̀rọ. DVD tí ẹ̀rọ ń kà ní ìyára 16x lè yí nǹkan bí ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí sítíkà bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á wúwo ju èkejì lọ, ẹ ó sì gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ̀n. Ooru náà tún wà níbẹ̀: gọ́ọ̀mù á rọ̀, bébà á súnkì, á wá máa fa ike náà. DVD kì í fẹ́ kí a tẹ òun kọrọ rárá, ìtẹ̀sí kékeré ló máa jẹ́ kí àwòrán máa dúró gán-án-gán lójú tẹlifíṣọ̀n.

Oníbàárà kan fi tirẹ̀ sínú rédíò ọkọ̀, irú èyí tó ní ojú tẹlifíṣọ̀n, tó ń gba ẹnu tóóró gbé àwo mì. Ó gbé e mì, kò sì pọ̀ ọ́ mọ́. Etí sítíkà ló ká sókè, ó há sínú. Obìnrin náà pè mí lórí fóònù: "Bùrọ̀dá Fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé ìgbéyàwó mi jáde nínú ọkọ̀ ọkọ mi." Rìwáyà ló tú rédíò náà, èmi ni mo sanwó.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó kúrò níbẹ̀: bí sítíkà bá ti lẹ̀ mọ́ CD, ẹ má gbìyànjú láti ṣí i. Ó lè ṣí ti òun ti fáìlì. Ẹ da fáìlì inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ṣe àwo mìíràn.

Ìpele 3: Ọ̀nà tó kù

Mo lọ bá àwọn oníṣẹ́ sìkíríìnì, àwọn tó ń ti ọ̀dà gba inú aṣọ férémù kọjá sára nǹkan, ní Ṣómólú, níbi tí gbogbo ìtẹ̀wé Èkó ń gbà kọjá. Iṣẹ́ wọn dán, ọ̀dà wọn kì í ṣí. Ṣùgbọ́n fíìmù kan àti férémù kan ni fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, owó ìpalẹ̀mọ́ yẹn kò sì yí padà yálà àwo mẹ́wàá lẹ gbé wá tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó bá olórin mu. Ìdílé tó fẹ́ àwo mẹ́fà kò lè gbé e.

Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà mú ọ̀rọ̀ LightScribe wá. Iléeṣẹ́ HP ló gbé e jáde ní 2004: iná léésà tó ń kọ fáìlì sínú àwo náà ló máa ń ya orúkọ sójú rẹ̀, ẹ ó kàn dojú àwo délẹ̀ ni. Ó dára lójú, àmọ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n yà, àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, wọn kò sì ṣe é mọ́. A fi í sílẹ̀.

Ohun tí a mú níkẹyìn wà ní òpópónà kejì sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó á ti rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson L805 lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀: íǹkì mẹ́fà ló wà nínú agolo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tíréè sì wà tí wọ́n ń to káàdì ike sí. Iṣẹ́ káàdì ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n níbí, ṣùgbọ́n àwo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tíréè ẹ̀rọ náà fún. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Oníkáàdì, mo béèrè. Ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó yọ tíréè kan tó ṣì wà nínú náílọ̀n.

"Ṣé èyí ni, Bùrọ̀dá Fọ́tò? Láti ọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí ló ti ń sùn síbẹ̀."

"Òun gan-an ni, Àǹtí. Èló lẹ máa gbà lórí àwo kan?"

Ó ní ₦200, mo ní ₦100, a parí rẹ̀ sí ₦150. Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ rírà ẹ̀rọ nìyẹn. Bí àwo yín kò bá tó ogójì lóṣù, ẹ má ra ẹ̀rọ, ẹ wá oníkáàdì àdúgbò yín.

Ìpele 4: Àwo tó ń gba íǹkì

Àwo tí ojú rẹ̀ ń dán bíríbírí kò ní gba íǹkì olómi. Íǹkì á kóra jọ lé e lórí, ìka kan ni ẹ ó fi nù ún kúrò. Èyí tí ẹ fẹ́ ni wọ́n fi ohun kan tó ń mu íǹkì pa lójú. Lára páálí rẹ̀, wọ́n á kọ "inkjet printable".

Pé àwo funfun kò tó o. A ra àwo olójú funfun kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé ó ń gba íǹkì. Àwo ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ̀wé ni. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, orúkọ ìyàwó ṣì ń lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò. Láti ìgbà náà, kí n tó ra odidi páálí, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan, Àǹtí á tẹ nǹkan sí i, a ó sì fi ìka nù ún wò.

Ẹ tún wo ibi tí funfun rẹ̀ dé. Òmíràn wà tí funfun rẹ̀ máa dúró jìnnà sí ihò, tí òrùka ike tó mọ́lẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ á wà láàárín. Òmíràn wà tí funfun rẹ̀ sún wọlé dé nǹkan bí 23 mm. Ìkejì yìí ni mo ń rà, nítorí pé òrùka ike yẹn nìkan tó láti jẹ́ kí iṣẹ́ tó dára rí bí èyí tí wọn kò parí.

Ìpele 5: Ìwọ̀n

Mo fi kálípà oníke wọn àwo, mo sì lẹ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ògiri. Fífẹ̀ róbótó láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo wọn:

– àwo fúnra rẹ̀: 120 mm
– ihò àárín: 15 mm
– ibi tí íǹkì ti bẹ̀rẹ̀: 23 mm
– ibi tí íǹkì dúró sí: 117 mm
– ààlà ọ̀rọ̀: kò gbọdọ̀ wọ inú 30 mm, kò gbọdọ̀ jáde kọjá 110 mm
– kánfáàsì (ojú ewé tí a ń ya àwòrán sí nínú kọ̀ǹpútà): 120 mm sí 120 mm, 300 dpi (tótó 300 nínú ínṣì kan), ìyẹn píksẹ́lì 1,417 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan

Ẹ yọ 23 kúrò nínú 117, ẹ pín in sí méjì: 47 mm ló wà lókè ihò, 47 mm nísàlẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tí a ní nìyẹn, ìyókù tẹ̀ kọrọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní tò nǹkan mẹ́wàá sójú àwo mọ́.

Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo gbé sí i kún àwo látòkè délẹ̀, ọkọ àti ìyàwó dìrọ̀ mọ́ra. Ihò bọ́ sí imú ọkọ. Mo gbé wọn sókè, orí gèlè gé. Mo sún wọn kéré, wọ́n wá wà níbẹ̀ bí ẹni tó sọnù. Mo fi fọ́tò sílẹ̀, mo gbìyànjú àwọ̀ aṣọ ẹbí, búlúù tó dé etí. Lójú kọ̀ǹpútà, ó dùn ún wò. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, tíréè yẹ̀ díẹ̀, mìlímítà kan péré, ìlà funfun bá yọ lápá òsì, tí kò sí lápá ọ̀tún. Ojú gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló ń lọ.

Ohun tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe ni pé mo jẹ́ kí funfun àwo jẹ́ ilẹ̀. Bí kò bá sí àwọ̀ létí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ìtẹ̀wé yẹ̀ ní ìdajì mìlímítà. Ó ń dín íǹkì kù, ó ń tètè gbẹ, ó sì rí bí iṣẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí a ń lò títí dòní nìyí: fọ́tò kékeré kan lókè, 32 mm ní gíga, ẹnu rẹ̀ ń pòórá díẹ̀díẹ̀ sínú funfun, orúkọ ọkọ àti ìyàwó nísàlẹ̀ ihò, ọjọ́ àti ìlú lábẹ́ rẹ̀, àmì ilé fọ́tò lápá òsì ihò, "Àwo 1 nínú 2" lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà fóònù wa á wà nísàlẹ̀ pátápátá, kékeré. Mo ti rí àwo tí nọ́ńbà oní-fọ́tò tóbi ju orúkọ ìyàwó lọ, ó sì burú.

Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ràn CorelDRAW, kò sí ìjà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa tẹ̀lé etí àwo yíká. Èmi kọ̀, nítorí pé ibi tí lẹ́tà bá ti tẹ̀, àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ á máa gun ara wọn.

Ìpele 6: Orúkọ

Ibí yìí ló gba àkókò jù, mi ò sì rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Fọ́ǹtì (irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà) ìgbéyàwó, èyí tó ń ká kọ́lọkọ̀lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹ bá tẹ Fọláṣadé, kọ̀ǹpútà á yá lẹ́tà méjì láti inú fọ́ǹtì mìíràn, orúkọ á wá wọ aṣọ méjì. Nígbà mìíràn àpótí òfìfo ló máa gbé síbẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ ní ẹ àti ọ tún lè kùnà bí àmì ohùn bá gun orí wọn. Ẹ nìkan ní ibùjókòó tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, á nìkan náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní, lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ń so pọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò bá kọ́ ní ibi tí àmì ń jókòó sí á gbé e sí èjìká lẹ́tà, tàbí kó gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀lé e.

Mo dán fọ́ǹtì wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí mo hun fúnra mi: Ẹ̀bùnolúwa Ọláṣọjí Gbọ́láhàn. Èyí tó bá yè nínú wọn ni mo ń lò. Gentium àti Charis SIL yè, Noto Sans náà yè, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gentium ni mo fi ń kọ orúkọ, ní ìwọ̀n lẹ́tà 16. Noto Sans ni mo fi ń kọ ìyókù, ní 8. Lẹ́tà tó bá kéré ju 6 lọ, íǹkì á ti dí i, àmì ìsàlẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà.

Kí n tó gbé fáìlì jáde nílé, mo máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àwòrán. Nínú Inkscape, Ctrl+Shift+C ni, nínú CorelDRAW, Ctrl+Q. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà oníkáàdì tí kò ní Gentium á fi ohun tó bá wù ú rọ́pò rẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé tún kọ sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo máa fi àwòrán ojú àwo ránṣẹ́ sí ìdílé lórí WhatsApp, mi ò sì ní tẹ nǹkan kan títí wọ́n á fi dáhùn. Ìyá Ṣadé dá tirẹ̀ padà wéré: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọláṣadé ló wà lórí káàdì ìpè, Fọláṣadé ni kí ẹ kọ. Ẹ má gbàgbé àmì abẹ́ ẹ̀." Wálé náà di Adéwálé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa fọ́tò.

Ìpele 7: Kí ìtẹ̀wé bọ́ sí àárín

Àwo tó ti bàjẹ́ ni kí ẹ fi dán an wò. A ní wọn rẹpẹtẹ, ẹ̀yin náà ní. Ẹ ya òrùka tínrín kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 116 mm, kí ẹ fi ìlà méjì gba àárín rẹ̀ kọjá. Tí ó bá bọ́ sí àárín gan-an, 2 mm ni àlàfo tó máa wà láàárín òrùka àti etí àwo níbi gbogbo. Ẹ fi máákà sàmì sí òkè àwo kí ó má baà yí mọ́ yín lọ́wọ́.

Ti wa jáde báyìí: òsì 2.8, ọ̀tún 1.2, òkè 1.7, ìsàlẹ̀ 2.3. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ẹ pín in sí méjì, ẹ sún un lọ sí ibi tí àlàfo ti pọ̀. Ìyẹn ni pé kí n sún un 0.8 mm sósì, 0.3 mm sísàlẹ̀. Nínú Epson Print CD, ètò tí a fi ń tẹ ojú àwo, ààyè wà tí a ń kọ ìsún yẹn sí. Mo tún un tẹ̀, àlàfo di 2.0 àti 2.0 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè àti ìsàlẹ̀ kò ju 0.1 lọ síra wọn.

Ìsún yìí, ti ẹ̀rọ kan àti tíréè kan ni. Ẹ kọ ọ́ sára tíréè. Nígbà tí Àǹtí gbé iṣẹ́ wa fún ẹ̀rọ rẹ̀ kejì, a bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Ìpele 8: Àwọ̀ ara ènìyàn

Ojú àwo kì í ṣe bébà dídán. Ó ń mu íǹkì, ibi tó ṣókùnkùn á sì tún ṣókùnkùn sí i. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ló ń jìyà rẹ̀: ojú ọkọ di òjìji, eyín rẹ̀ nìkan ló kù. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ yan CD/DVD níbi irú bébà, kì í ṣe bébà fọ́tò. Ìyẹn nìkan dín íǹkì kù. Ìkejì, nínú GIMP, ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, mo ṣí Curves, ibi tí a ti ń yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà, mo di àárín ìlà mú, mo fà á sókè láti 128 dé nǹkan bí 150. Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò náà á ti funfun jù. Ẹ má wo ti kọ̀ǹpútà, àwo ni kí ẹ wò.

Dúdú ọ̀rọ̀ náà, ẹ lè dín in kù di eérú tó ṣókùnkùn, 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tètè gbẹ ju dúdú pátápátá lọ.

Ìpele 9: Kíkọ fáìlì, títẹ̀, sísá

Fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú àwo, kí ẹ tó tẹ ojú rẹ̀. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Bí àwo bá kú lẹ́nu kíkọ, ẹ kò tíì sanwó títẹ̀ lé e lórí. Bákan náà, ìka àti eruku tí àwo máa kó ní ṣọ́ọ̀bù oníkáàdì lè da ìkọ̀wé rú. ImgBurn, ètò tó ń kọ fáìlì sínú àwo, ni mo ń lò, ní ìyára 8x, tí mo sì jẹ́ kó ka gbogbo rẹ̀ padà láti fi wádìí. Ó ń fa àkókò gùn. Mo sì ń jẹ́ kó gùn.

Nínú ImgBurn náà ni orúkọ kejì wà tí oní-fọ́tò púpọ̀ kì í rántí: orúkọ tí kọ̀ǹpútà máa gbé jáde bí wọ́n bá ti àwo bọ̀ ọ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìkọ. Lẹ́tà ńlá, kò sí àmì, kò sí àlàfo: FOLASADE_ADEWALE_1. Ẹ má jẹ́ kó kọjá lẹ́tà 32.

Lẹ́yìn títẹ̀, a ń fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà òjò, mo ń fi wákàtí díẹ̀ kún un. Àwa kì í sá wọn sóòrùn, kò sì sí fáànù tó kọjú sí wọn, nítorí eruku. Mo to ìdérí ike omi sórí tábìlì, mo gbé àwo kọ̀ọ̀kan lé ọ̀kan, kí abẹ́ rẹ̀ má fara kan nǹkan. Ìdérí yẹn fẹ̀ ju ihò lọ, àárín tí kò sí fáìlì nìkan ló ń gbé. Páálí ńlá kan la fi ń bò wọ́n.

Omi ṣì jẹ́ ọ̀tá íǹkì yìí. Ọwọ́ tútù kan, orúkọ á rà. Mo gbìyànjú sípíréè fáníìṣì tí àwọn apọ́ǹdà ọkọ̀ ń lò. Ojú orúkọ dán fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ gba etí ṣàn lọ sábẹ́, ike abẹ́ àwo sì di kùrukùru. Ẹ̀rọ kò kà á mọ́. Kò yẹ kí ohunkóhun tó ní tínà, omi tó ń yọ́ ọ̀dà, sún mọ́ ike yẹn. Àwo kan wà lọ́jà tí wọ́n ti fi ohun tí kì í gba omi pa lójú láti iléeṣẹ́. Ó wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á san àfikún.

Ìpele 10: Kéèsì àti owó

Bébà inú kéèsì DVD rọrùn ju àwo lọ: 273 mm ní fífẹ̀, 183 mm ní gíga, ó sì wọ inú A4. Iwájú 129.5, ẹ̀yìn 129.5, ọ̀pá ẹ̀yìn 14. Orúkọ gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ojú máa ń rí nígbà tí kéèsì bá dúró lórí pẹpẹ. Bébà dídán tó nípọn díẹ̀, rúlà irin, abẹ tuntun. Sísọ́ọ̀sì kò lè gé e tọ́.

Owó àwo kan, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé mi ní 2019 (ẹ má gbé iye yìí lọ sọ́jà lónìí, wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́):

– àwo funfun, láti inú páálí 50: ₦180
– títẹ̀ ojú rẹ̀: ₦150
– kéèsì: ₦200
– bébà kéèsì, títẹ̀ àti gígé: ₦120
– àpapọ̀: ₦650

Nígbà máákà, àwo lásán àti àpò bébà kò ju ₦120 lọ, ₦500 la sì ń ta ẹ̀dà kan. Mo gbé e sí ₦1,500. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ iye náà, ṣùgbọ́n ìdílé Fọláṣadé béèrè ẹ̀dà mẹ́rin kún mẹ́fà tí wọ́n ti san, nítorí àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ka àwo kan mọ́ iye náà fún èyí tó máa bàjẹ́. Bí kò bá bàjẹ́, a jẹ́ pé mo ní àwo kan lọ́wọ́.

Ẹ̀dà kan ń dúró lọ́dọ̀ wa, òun náà ní ojú kan náà, ó wà ní ìnàró nínú kéèsì rẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé. Fáìlì ojú àwo wà nínú fódà kan náà pẹ̀lú fọ́tò, pẹ̀lú nọ́ńbà ìsún tíréè nínú ìwé kékeré kan. Ẹni tí àwo rẹ̀ bá sọnù, tàbí tí ọmọ fi ṣeré, à ń tẹ òmíràn fún un láìbẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ₦1,500 ni ní 2019, wákàtí 24 fún gbígbẹ, kò sí ìdúnàá-dúrà.